Gómìnà Guggisberg àti Èbúté Takoradi

Ní ọdún 1869 ni a bí Gordon Guggisberg ní ìlú Galt, ní Kánádà. Ọmọ ogun onímọ̀ ẹ̀rọ ni. Kí ó tó di gómìnà, ó ti wọn ilẹ̀ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, ó sì ti ṣe ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ní Gúúsù Nàìjíríà wa.

Nígbà tí ó gorí àga gómìnà Gold Coast ní 1919, kò sí èbúté kan níbẹ̀ tí ọkọ̀ òkun ńlá lè gúnlẹ̀ sí. Lójú agbami ni ọkọ̀ ń dúró. Àwọn atukọ̀ a máa fi ọkọ̀ kékeré gbé kòkó la ìgbì kọjá, omi a sì máa ba ẹrù jẹ́. Ní Takoradi, a fi òkúta mọ odi méjì wọ inú òkun, kí omi àárín wọn lè pa rọ́rọ́. Guggisberg fi ipò sílẹ̀ ní 1927. A ṣí èbúté náà ní 1928. Ó sì kú ní 1930.

A kò ní torí èyí bo àléébù ìjọba rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òfin 1925 fún àwọn ọba àti ìjòyè ní àga 6 nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó fún àwọn ìlú ńlá ní 3 péré. Casely Hayford sì ta kò ó gidigidi.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ gómìnà yìí, ẹ rántí pé owó tí ìjọba ń rí lórí kòkó ni ó gbé èbúté náà ró, apá àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ni ó sì ru òkúta rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.