Mendel, Ọkùnrin Tó Ń Ka Ẹ̀wà

Nínú ọlidé gígùn tó kọjá, mo lọ kí àbúrò bàbá mi ní Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria. Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Brno, ní orílẹ̀-èdè Czech. Mùsíọ́mù la lọ wò, ní ilé àwọn mọ́ńkì tí Gregor Mendel gbé. Mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, torí ó kan ilé wa gbọ̀ngbọ̀n.

Ọdún 1822 ni wọ́n bí i ní abúlé Heinzendorf. Johann ni wọ́n sọ ọ́. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, owó ò sì pọ̀ nílé. Nígbà tó wà níléèwé, ìdajì oúnjẹ làwọn òbí rẹ̀ lè san owó rẹ̀. Àwa tá a ń jẹun ní yàrá ìjẹun, ẹ fojú inú wò ó! Ní 1838, igi wó lu bàbá rẹ̀, kò sì lè ṣiṣẹ́ oko dáadáa mọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Theresia, ló yọ̀ǹda lára owó tí wọ́n tọ́jú dè é fún ìgbéyàwó, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè máa kàwé lọ. Mendel ò gbàgbé oore yẹn. Nígbà tí nǹkan ṣẹnuure fún un, ó ran àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí Theresia bí lọ́wọ́ láti kàwé.

Ní 1843, ó wọ ilé àwọn mọ́ńkì ní Brno, wọ́n sì fún un lórúkọ tuntun, Gregor. Ó fẹ́ di olùkọ́ gidi, ó ṣe ìdánwò ní 1850, ó fìdí rẹmi. Wọ́n rán an lọ sí yunifásítì ní Vienna. Ní 1856, ó tún padà síbi ìdánwò yẹn, kò tún bọ́ sí i. Ó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní ìwé-ẹ̀rí yẹn. Ẹ̀yin tí ìdánwò ti já kulẹ̀ rí, ṣé ẹ ń gbọ́?

Ọdún 1856 yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀wà kan, irú gírínpíìsì tí wọ́n ń dà sínú fúráìdì ráìsì. Mo dúró nínú ọgbà náà, ibẹ̀ ò tóbi rárá. Títí di 1863, ó ti lo nǹkan bí 28,000 ewéko. Ó fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó èyí tí kóró rẹ̀ rí rìbìtì kan èyí tí kóró rẹ̀ hunjọ. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ló rí rìbìtì. Ẹ máa rò pé híhunjọ ti parẹ́, àbí? Nígbà tó gbin àwọn ọmọ yẹn, ó ka kóró 5,474 tó rí rìbìtì àti 1,850 tó hunjọ, nǹkan bíi mẹ́ta sí ọ̀kan. Ohun tó sápamọ́ tún jáde! Ó wá yé e pé méjì méjì ni nǹkan wọ̀nyí ń wà lára, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ akọ, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ abo.

Ibi tó ti kàn wá nìyẹn. Àbúrò mi ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. SS ni, àwọn òbí wa méjèèjì sì jẹ́ AS. Àwọn ẹbí kan máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ màmá mi ló ti wá. Èmi náà gbà á gbọ́ rí, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Àbúrò bàbá mi fún mi ní owó ẹyọ méjì nínú ọkọ̀. Wọ́n kọ A sí ojú kan, S sí ojú kejì, wọ́n ní owó kan ni bàbá, èkejì ni màmá. Mo ń sọ ọ́ sókè títí a fi dé Vienna. Owó kan ṣoṣo ò lè mú SS wá láé. Gbogbo ìgbà tí mo bá sì sọ ọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìrètí SS, ohunkóhun tí ì báà jáde tẹ́lẹ̀.

Mendel ka iṣẹ́ rẹ̀ fáwọn ọ̀mọ̀wé Brno ní 1865, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866. Kò fi bẹ́ẹ̀ yé ẹnikẹ́ni. Ní 1868 wọ́n fi í jẹ olórí ilé àwọn mọ́ńkì, ìjà owó orí pẹ̀lú ìjọba sì gba àkókò rẹ̀. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1884. Ọdún 1900 ni àwọn onímọ̀ mìíràn tó wá rí i pé ó ti ṣáájú àwọn.

Nígbà tí mo délé, mo ta owó ẹyọ náà níwájú ìyá àgbà. Wọ́n wò ó títí, wọn ò sọ nǹkan kan. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, n ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn mọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ lọ mọ jẹ́nótáìpù yín kí ìfẹ́ tó wọ̀ ọ́. Ire o.