Hannah Àfàlá, Ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther

Bí a bá dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tọmọdé tàgbà ni ó mọ ẹni tí à ń sọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ni ó lè sọ ohun kan nípa obìnrin tí ó bí i. Àfàlá ni orúkọ rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí ó fi ṣe àtìpó láti ìlú kan dé òmíràn, kì í sì í ṣe pé òwò ni ó bá lọ sí ìdálẹ̀; ogun ni ó tú ilé rẹ̀.

Òṣoògùn, ní ìhà Ìṣẹ́yìn, ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Aṣọ híhun ni iṣẹ́ ọkọ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí àwọn obìnrin ti ń gbọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, ariwo ta pé ogun ti ká ìlú mọ́. Àwọn Fúlàní ni, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ó dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọkọ rẹ̀ sáré wá sílé, ó ní kí wọ́n máa sá lọ, ó sì padà síbi tí àwọn ọkùnrin ti ń jà. Wọn kò tún fojú kàn án mọ́. Àfàlá kó Àjàyí, ọmọbìnrin rẹ̀ kan, ọmọ ìbátan wọn kan, àti ọmọ ọwọ́ tí ó tó bí oṣù mẹ́wàá, ó sì dorí kọ igbó. Ta ni ó lè gbé ọmọ lẹ́yìn, kí ó fa òmíràn lọ́wọ́, kí ó sì sáré ju ológun lọ? Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, a sì fi okùn so wọ́n mọ́ra lọ́rùn.

Ní Ìṣẹ́yìn ni a ti pín wọn bí ẹni pín ẹrù. Àfàlá àti ọmọ ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá kan, Àjàyí àti arábìnrin rẹ̀ sọ́wọ́ òmíràn. Lẹ́yìn èyí a fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, a sì mú un dé ìlú Dádá. Níbẹ̀ ni ó tún ti bá ìyá rẹ̀ pàdé. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ọmọ náà ń pa koríko ẹṣin, tí ó sì ń yọjú sí ìyá rẹ̀ nínú ilé ẹni tí ó mú un lẹ́rú. Wọ́n rò pé ìyapa ti parí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni a mú ọmọ náà lọ.

Bí Àjàyí ti dé Èkó, bí a ti tà á fún àwọn Potogí, àti bí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822 tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró, gbogbo wa ni ó mọ̀ ọ́n. Ní 1843 ó di àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kìíní ọdún 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Níbẹ̀ ni ikú Ṣódẹkẹ́ àti ogun ojú ọ̀nà ti dá a dúró fún ọdún kan ààbọ̀. Ìrìn ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó wà láàrin òun àti ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Nítorí Àfàlá kò kú. Ó wà ní Abaká, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, òun àti àwọn ọmọbìnrin méjì tí a kó pẹ̀lú rẹ̀. Òun ni ó ń tọ́jú wọn àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Ìyá àgbà Àjàyí ti kú lóko ẹrú. Wọ́n ti wá Àjàyí títí, wọ́n ti sọ ìrètí nù.

Àwọn kan a máa sọ ìtàn yìí bí ẹni pé Crowther ni ó rí ìyá rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ èyí, nítorí ìyá náà ni ó dìde. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, kò ì tí ì pé oṣù kan tí Crowther wọ Abẹ́òkúta, Àfàlá àti arákùnrin Àjàyí fi ẹsẹ̀ rìn wá béèrè rẹ̀. Nígbà tí ó rí i, ara rẹ̀ gbọ̀n. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ tí ó ti rù, ọ̀rọ̀ kò sì tètè jáde. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn orúkọ tí ìyá àgbà a máa fi kẹ́ Àjàyí ní kékeré. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ti kọjá. Àlùfáà tí ó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ Òṣoògùn ni ó pè é, ọmọ náà sì rántí wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni Àfàlá, tí ó ti ń tọ́ ọmọ-ọmọ ní Abaká, tún di ìyá àgbà fún àwọn ọmọ tí a bí ní Sàró. Asano, aya Àjàyí, pàápàá jẹ́ ẹni tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Àtìpó ni ó pàdé àtìpó nínú ilé náà.

Kì í ṣe ní ọ̀sán kan ni Àfàlá fi ìsìn àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ni oníwàásù. Ọdún kan ààbọ̀ kọjá. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848 ni ó gba ìrìbọmi, lára àwọn àkọ́so ìjọ Abẹ́òkúta, a sì sọ ọ́ ní Hannah, nítorí Samuel ni orúkọ ọmọ rẹ̀. Orúkọ náà yẹ ẹ́, àyàfi ohun kan: Hannah inú Ìwé Mímọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Ṣílò, ti Àfàlá, jíjá ni a já a gbà.

Ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Ó ṣojú rẹ̀ tí a fi ọmọ rẹ̀ jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà gan-an ni Abigail, ọmọ-ọmọ rẹ̀, bí Herbert Macaulay ní Èkó. Dandeson, ọmọ-ọmọ rẹ̀ mìíràn, di Àṣídíákónì. Asano ṣáájú rẹ̀ lọ ní 1880.

Èkó ni Hannah Àfàlá ti sùn ní ọdún 1883, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Àjàyí, ọmọ tí a mú lọ ní ìrọ̀lẹ́ ní Dádá, ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ nígbà náà.