Esther Ocloo: Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Peki

Ọjọ́ 18, oṣù kẹrin, ọdún 1919 ni a bí Esther Afua Nkulenu ní Peki-Dzake, ní ilẹ̀ àwọn Ewé, ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Ghana lónìí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Amọ̀kòkò ni ìyá rẹ̀, ó sì ń dáko. Owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Cadbury ni ó gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ Achimota ní Accra.

Nígbà tí ó jáde níbẹ̀, ṣílè mẹ́wàá tí àǹtí rẹ̀ fún un ni gbogbo owó tí ó ní. Kò ná an tán. Ó ra ọsàn mímu, ṣúgà àti ìgò, ó fi se jáàmù ọsàn, ó sì kiri rẹ̀ ní ìgboro Accra. Àwọn tí wọ́n jọ kàwé fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ọmọ Achimota ha ni ó ń kiri ọjà bí ẹni tí kò mọ̀wé! Irú ẹ̀gàn yìí kò ṣàjèjì sí olùkọ́ èdè abínibí. Kò pẹ́ tí Achimota fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rajà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ-ogun náà sì tẹ̀ lé e. Ní 1942, ó dá ilé-iṣẹ́ Nkulenu sílẹ̀.

Láàrin 1949 sí 1951, ó kọ́ nípa oúnjẹ sísè àti bí a ṣe ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1959, òun ni ó kọ́kọ́ jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ Ghana. Ó tún ṣe iṣẹ́ aṣọ dídì àti rírẹ, ìbátan àdìrẹ tiwa. Ohun tí ó mọ̀ kò fi pamọ́. Ó ń kọ́ àwọn obìnrin mìíràn ní iṣẹ́ náà.

Àmọ́ ìmọ̀ nìkan kò ra ẹ̀rọ. Báńkì a máa béèrè ilé tàbí ilẹ̀ fún ìdógò, mélòó nínú àwọn ìyá ọlọ́jà ni ó sì ní in? Àjọ àti èésú ń gbé àtẹ ró, ṣùgbọ́n agbára wọn kì í sábà kọjá àtẹ. Nítorí èyí ni òun, Ela Bhatt ará Íńdíà, Michaela Walsh ará Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn fi dá Women's World Banking sílẹ̀ ní 1979, láti máa ṣe onídùúró fún obìnrin níwájú báńkì. Ocloo ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní 1990, òun àti Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Africa Prize, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò gbà á. Ó kú ní Accra ní oṣù kejì 2002, ní ẹni ọdún 82. Ìjọba Ghana ṣe ìsìnkú ẹ̀yẹ fún un.