René Laennec: Ẹni tí Ó Kọ́ Àwọn Dókítà Bí A Ti Ń Gbọ́ Ohùn Àyà

Ní abala ìlera ti oṣù yìí, ìtàn ẹnì kan ni a fẹ́ sọ, tí orúkọ rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ ti kan gbogbo wa lára. Nígbàkígbà tí dókítà bá ki stethoscope bọ etí, tí ó gbé orí rẹ̀ tútù nini lé wa láyà, tí ó ní kí a mí kanlẹ̀, iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ ni ó ń ṣe.

Ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1781 ni a bí René Laennec ní ìlú Quimper, ní agbègbè Brittany, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Àwọn ará Brittany ní èdè tiwọn, èdè Breton, tí kò jọ Faransé rárá. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bàbá rẹ̀ jẹ́ amòfin, ṣùgbọ́n kò lè dá tọ́ àwọn ọmọ náà. Báyìí ni René ṣe bọ́ sí ọwọ́ arákùnrin bàbá rẹ̀, Guillaume, tí ó jẹ́ dókítà ní ìlú Nantes. Àwa tí a mọ ohun tí ẹbí jẹ́, a mọ̀ pé ẹni tí ó tọ́ ọmọ ni ọmọ máa ń fi ìwà jọ. Lọ́dọ̀ ẹni yìí ni ó ti fẹ́ràn ìwòsàn. Nígbà tí ìjà ìdìtẹ̀ ilẹ̀ Faransé dé Nantes, iwájú ilé wọn gan-an ni wọ́n ti ń bẹ́ ènìyàn lórí. Síbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ní 1795, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ọsibítù níbẹ̀.

Ní 1801 ó lọ sí Paris. Kò lówó lọ́wọ́, ara rẹ̀ kò sì le. Ó kéré, ó tínrín, èémí sì máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní 1803 ó gba ẹ̀bùn kìn-ín-ní nínú ìṣègùn àti nínú iṣẹ́ abẹ, ó sì di dókítà ní 1804. Fèrè ni ó máa ń fọn bí ó bá fẹ́ sinmi. Ó jẹ́ onígbàgbọ́, ìjọ Kátólíìkì ni ó ń lọ, kò sì fi ṣe bòńkẹ́lẹ́ ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń fi ẹ̀sìn ṣẹ̀sín.

Ohun kan wà nínú ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó yẹ kí ó wọ àwa tí a wà lájò lọ́kàn. Ní 1814, nígbà ogun, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tí ara wọn kò yá wá sí Paris. Àwọn tí ó ti Brittany wá láàárín wọn kò gbọ́ Faransé, wọn kò lè sọ ibi tí ó ń dùn wọ́n. Laennec ní kí wọ́n kó wọn jọ sí ọ̀dọ̀ òun, ó sì ń bá wọn sọ èdè ìyá wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti mú ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ọsibítù mọ bí ojú aláìsàn ṣe ń yí padà nígbà tí ó bá gbọ́ ẹ kú ara líle lẹ́nu ẹni tí ó wọ aṣọ funfun.

Kí ni àwọn dókítà ń ṣe kí Laennec tó dé? Wọn a bi aláìsàn léèrè, wọn a wo ahọ́n, wọn a di ọwọ́ mú. Àwọn díẹ̀ a máa gbé etí lé àyà aláìsàn. Dókítà kan ní Vienna, Auenbrugger, ti kọ̀wé ní 1761 pé bí a bá fi ìka lu àyà, a lè mọ̀ bóyá omi wà nínú rẹ̀. Ọmọ olótẹ́ẹ̀lì ni, ó sì mọ̀ pé bí a bá lu àgbá ọtí, ibi tí ó ṣófo á dún gbangba, ibi tí ọtí wà á dún wúyẹ́wúyẹ́. Ẹni tí ó bá ti ra kẹrosíìnì ní dúrọ́ọ̀mù rí nílé mọ ọgbọ́n yìí. Corvisart, olùkọ́ Laennec, ni ó túmọ̀ ìwé náà sí Faransé ní 1808.

Ní 1816 wọ́n fi Laennec sí ọsibítù Necker ní Paris. Lọ́dún náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ọkàn ń yọ lẹ́nu wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó sanra, nítorí náà lílu àyà kò sọ ohunkóhun. Kò sì yẹ kí ọkùnrin gbé etí lé àyà ọmọbìnrin. Laennec wá rántí ohun tí ó ti mọ̀ nípa ìró: bí ènìyàn bá fi etí lé orí kan ìtí igi, tí ẹlòmíràn sì fi ṣónṣó abẹ́rẹ́ họ orí kejì, á gbọ́ híhọ náà ketekete. Ó mú ìwé púpọ̀, ó ká a pọ̀ ní líle bí ọ̀pá, ó gbé orí kan lé àyà ọmọbìnrin náà, ó sì gbé etí lé orí kejì. Ohùn ọkàn tí ó gbọ́ hàn ju èyí tí ó ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ nígbà tí ó bá gbé etí lé àyà lásán.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Gbígbọ̀n ni ìró. Bí a bá lu ìlù, awọ á gbọ̀n, afẹ́fẹ́ tí ó wà lára rẹ̀ á gbọ̀n, títí yóò fi dé inú etí. Ní gbangba, ìró á fọ́n ká, á sì máa kú lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá há a mọ́ inú ihò tóóró, kò ráyè fọ́n ká, etí nìkan ni ibi tí ó lè lọ.

Laennec kò dúró síbẹ̀. Ó dán dígí wò, ó dán irin wò, ó sì rí i pé igi fúyẹ́fúyẹ́ ni ó dára jù. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ẹ̀rọ yí igi náà, ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, pẹ̀lú ihò láàárín. Fún bí ọdún mẹ́ta ni ó fi ń gbọ́ àyà àwọn aláìsàn, tí ó ń kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Bí ẹnì kan nínú wọn bá sì kú, á yẹ òkú náà wò láti mọ ohun tí ó fa ìró yẹn. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1819. Ìró tí ó gbọ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ó ní nùmóníà, ó fi wé iyọ̀ tí ó ń ta nínú àwo lórí iná. Títí di òní, ìró bẹ́ẹ̀ ni àwa nọ́ọ̀sì ń kọ́ láti dá mọ̀.

Ọ̀rọ̀ Faransé kan ni ó kọ́kọ́ fi ń pe àwọn ìró wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ni àwọn ará ilé fi ń pe ìró ọ̀fun ẹni tí ó ń kú lọ. Nígbà tí ó rí i pé ẹ̀rù ń ba àwọn aláìsàn tí wọ́n bá gbọ́ ọ, ó fi ọ̀rọ̀ Látìnì rọ́pò rẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn wọn. Bí ó ti mọ bí a ti ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó mọ ohun tí kò yẹ kí aláìsàn gbọ́.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà á. Dókítà Forbes, tí ó túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1821, kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé òun kò rò pé àwọn dókítà yóò máa lo irinṣẹ́ yìí káàkiri. Ẹ wo ọrùn àwọn dókítà lónìí!

Ikọ́ ife, tí wọ́n ń pè ní TB, ni àìsàn tí Laennec mọ̀ jù lọ. Òun náà ni ó pa á. Ní 1826 ara rẹ̀ ti rù tán. Mériadec, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan nínú ẹbí rẹ̀ tí òun náà jẹ́ dókítà, gbé igi náà lé e láyà, ó sì sọ ohun tí ó gbọ́ fún un. Ìró náà wà nínú ìwé Laennec fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó padà sí Brittany pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tí ó fẹ́ ní 1824, ó sì kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Mériadec ni ó fi stethoscope rẹ̀ sílẹ̀ fún.

Lẹ́yìn rẹ̀, ní nǹkan bí 1851 sí 1852, irú èyí tí a ń kì bọ etí méjèèjì jáde. Ní 1895 Pinard, dókítà Faransé, ṣe ìwo kékeré tí àwọn agbẹ̀bí fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ inú. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bímọ nílé, ẹ kò ní gbàgbé ìwo yẹn lórí ikùn yín.

Laennec lè gbọ́ ikọ́ ife, ṣùgbọ́n kò ní oògùn rẹ̀. Àwa ní oògùn. Ní 1882 Koch rí kòkòrò tí ń fà á, ní 1943 wọ́n sì rí oògùn àkọ́kọ́ tí ó ń pa á. Lónìí oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú rẹ̀ sábà máa ń gbà, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí fún gbogbo ènìyàn, ìbáà ní ìwé ìgbélùú tàbí kò ní. Síbẹ̀ a ń rí àwọn ará wa tí wọ́n ń húkọ́ fún oṣù mélòó kan, tí wọ́n ń lagun lóru, tí wọ́n ń rù, tí wọ́n sì ń fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹni tí ó bo àìsàn mọ́ra ń pa ara rẹ̀, ó sì lè kó o ran àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ikọ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ àyà yín. Bí ẹ kò bá gbọ́ èdè wọn dáadáa, ẹ sọ fún wa, a ó bá yín lọ.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Olúwa fi ìlera jíǹkí wa.