MacGregor, gómìnà tó gbógun ti ẹ̀fọn l'Ékòó

Nígbà tí Sir William MacGregor gúnlẹ̀ sí Èkó gẹ́gẹ́ bíi gómìnà lọ́dún 1899, ibà ni ọ̀tá tí àwọn òyìnbó ń bẹ̀rù jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń rán wá ni kì í padà sílé mọ́. Bẹ́ẹ̀ ibà yìí kan náà ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nínú agbo ilé káàkiri ìlú. Ṣùgbọ́n gómìnà tuntun yìí mọ irú ohun tó fẹ́ bá wọ̀jà, nítorí dókítà ni.

Ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 1846 ni wọ́n bí i ní àdúgbò Towie, nítòsí Aberdeen, ní Skọ́tílándì. Alágbàṣe oko ni bàbá rẹ̀, òun náà sì ṣiṣẹ́ oko kó tó rí ọ̀nà dé yunifásítì Aberdeen, níbi tó ti gboyè ìṣègùn lọ́dún 1872. Ó ṣe dókítà ìjọba ní Seychelles, Mauritius àti Fiji, kó tó lọ ṣàkóso New Guinea láti 1888 di 1898.

Ọdún méjì péré ṣáájú kó tó dé Èkó, Ronald Ross, tó jẹ́ dókítà ológun ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ búburú láti inú irà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ń fa ibà. Nígbà tó wá di 1900, àwọn onímọ̀ tí wọ́n rán láti Lọ́ńdọ̀nù ṣàkíyèsí pé kòkòrò náà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ìlú. Àbá tí wọ́n dá ni pé kí àwọn òyìnbó kó kúrò láàrin àwọn ènìyàn dúdú, kí wọ́n lọ máa dá gbé.

MacGregor kọ̀ jálẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìyapa bẹ́ẹ̀ yóò dá ọ̀tá sílẹ̀ láàrin ìjọba àti ará ìlú, àti pé gbogbo ènìyàn ló yẹ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ ibà, funfun àti dúdú. Ó ní kí wọ́n máa pín kuníìnì fún ará ìlú, kí àwọn olùkọ́ sì máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìmọ́tótó. Àwọn obìnrin ọ̀làjú Èkó náà dìde, wọ́n ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí irà Kokomaiko, wọ́n sì gbẹ́ ipa odò tó la àárín Èkó àti Ìkòyí, èyí tí wọ́n fi orúkọ gómìnà náà pè.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni ogun náà ti le jù. Ìjọba lè dí irà, kò lè máa ṣọ́ àmù àti agolo gbogbo ènìyàn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, omi yóò dúró nínú àfọ́kù ìkòkò, èèpo àgbọn àti kòtò ẹ̀gbẹ́ ilé. Ẹ̀fọn yóò yé sí i, ẹyin yóò di tanwíjí, bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn náà, tanwíjí yóò di ẹ̀fọn tó ń fò. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń da omi bẹ́ẹ̀ nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tó sì ń bo àmù rẹ̀, ti pa ẹ̀fọn kó tó hu ìyẹ́.

Owó kò tó, òjò kò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí MacGregor fi Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1904, ẹ̀fọn ṣì wà níbẹ̀. Ó ṣe gómìnà ní Newfoundland àti Queensland, ó sì kú ní Aberdeen ní ọjọ́ 3, oṣù Keje, ọdún 1919.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àbá tó kọ̀ náà borí. Wọ́n sọ Ìkòyí di àdúgbò àwọn òyìnbó, ipa odò tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wá di ààlà láàrin wọn àti ará ìlú. Ẹ̀fọn kò mọ ààlà kankan. Títí di òní, bí òjò bá ti rọ̀, inú agolo tí a gbàgbé sẹ́yìnkùlé ni iṣẹ́ tí MacGregor bẹ̀rẹ̀ ṣì kù sí.