Ẹyọ Kan Lójúmọ́: Ìtàn Imam Bukhari

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mú ìpinnu ńlá wọ oṣù yìí: a máa parí Àlùkùráánì, a ò ní pa àṣàmù jẹ lálẹ́ ọjọ́ kankan. Àmọ́ iṣẹ́ òyìnbó kì í dúró de ààwẹ̀. Tí ọjọ́ mẹ́ta bá ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ó máa ń ṣe wá bíi ká jọ̀wọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ gbọ́ ìtàn Imam Bukhari, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.

Muhammad ọmọ Ismaila ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 194 Híjírà, ìyẹn ọdún 810, ni wọ́n bí i ní Bukhara, ìlú tó wà ní orílẹ̀-èdè Uzbekistan lónìí. Bàbá rẹ̀ tètè kú, ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Kò ju ọmọ bí ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í há hádíìsì sórí. Nígbà tó di ọmọ ọdún 16, ó bá ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà fún iṣẹ́ hájì. Àwọn padà sílé, òun dúró síbẹ̀ láti wá ìmọ̀.

Láti ibẹ̀ ó rìn dé Basra, Kufa, Baghdad, Ṣáámù àti Íjíbítì, láti ọ̀dọ̀ onímọ̀ kan sí òmíràn. Tó bá gbọ́ hádíìsì, kì í kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Á wádìí ẹni tó sọ ọ́, bóyá olóòótọ́ ni, àti bóyá ó pàdé ẹni tó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ ròyìn pé tí àwọn bá jọ wà lójú ìrìnàjò, ó máa ń dìde ní ìgbà 15 sí 20 lóru kan ṣoṣo. Á tan fìtílà, á fàmì sí hádíìsì díẹ̀, á tún padà sùn.

Olùkọ́ rẹ̀, Ishaq ọmọ Rahwayh, ló sọ lọ́jọ́ kan pé ì bá dára kí ẹnì kan kó àwọn hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jọ sínú ìwé kan. Ọ̀rọ̀ náà wọ Bukhari lọ́kàn, ló bá bẹ̀rẹ̀. Nínú nǹkan bí 600,000 tó ti gbà sílẹ̀ ló ti ṣa ti inú ìwé náà. Kò sì kọ ọ̀kankan síbẹ̀ láìkọ́kọ́ wẹ̀, kó sì kí nọ́fílà rakah méjì.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ìṣirò sì ti mọ́ mi lára. Ọdún 16 ni ìwé náà gbà á. Hádíìsì inú rẹ̀ lé ní 7,000, tí a bá ka àwọn tó tún kọ mọ́ ọn. Ẹ pín in sí ọjọ́: ó lé díẹ̀ ní ẹyọ kan lójúmọ́. Ẹni tó bá wò ó lọ́jọ́ kan ṣoṣo lè sọ pé kò rí nǹkan kan ṣe. Ṣùgbọ́n ẹyọ kọ̀ọ̀kan yẹn ló di ìwé tí àwa ẹlẹ́sìn Sunna gbára lé jùlọ lẹ́yìn Àlùkùráánì.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò rọrùn. Gómìnà Bukhara ní kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ òun láàfin. Ó kọ̀, torí kò fẹ́ kí ìmọ̀ di ti àwọn kan nìkan. Wọ́n lé e kúrò nílùú tí wọ́n bí i sí. Abúlé Khartank, nítòsí Samarkand, ló kú sí, ní òru ọjọ́ ìtùnu ààwẹ̀ ọdún 256, ìyẹn ọdún 870. Lọ́jọ́ ọdún gan-an, lẹ́yìn ìrun àìlà, ni wọ́n sin ín. Orúkọ gómìnà yẹn, ta ló ń dá a mọ̀ lónìí?

Ẹ̀yin ará, díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Tí ojú ewé mẹ́wàá kò bá ṣeé ṣe, ẹ ka ẹyọ kan lẹ́yìn sààrì. Tí súrà kan bá pọ̀ jù fún ọmọ yín, ẹ fún un ní ẹsẹ kan. Tí àṣàmù mọ́ṣáláṣí bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ torí iṣẹ́ alẹ́, ẹ kí rakah méjì nílé. Kó ṣá ti má dúró lọ́la, kó má sì parí lọ́jọ́ ọdún.

Ọlọ́hun kó fi ẹsẹ̀ wa múlẹ̀. Àmín.