Adéoyè Lambo: Ọkùnrin tó sọ abúlé di ilé ìwòsàn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra ẹ̀wà ní Alábà Rago. Ẹ̀yin tí ẹ mọ apá Ọjọ́ àti Òkòkómáíkò dáadáa mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí: àgbò ń ké, alábárù ń pariwo pé kí èèyàn yà lọ́nà, àpò àlùbọ́sà kún ilẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń dá sọ̀rọ̀. Ó hàn gbangba pé ara rẹ̀ kò yá. Mo rò pé wọ́n máa lé e ni. Rárá o. Àwọn Hausa tó ń ta àgbò gbé korobá fún un pé kó lọ pọnmi fún ẹran. Ó lọ, ó dé, wọ́n fún un lóúnjẹ, ó jókòó tì wọ́n. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fara ya, bàbá àgbàlagbà kan pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ló bá rọlẹ̀.

Thomas Adéoyè Lambo ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀, torí mo fura pé èébú ni ọ̀pọ̀ wa mọ Aro sí, pé kí wọ́n gbé lágbájá lọ sí Aro. A ò mọ ohun tí ọkùnrin yìí fi ibẹ̀ ṣe.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1923. Ó lọ sí Baptist Boys' High School, ilé ìwé tí Ọbásanjọ́ àti MKO Abíọ́lá náà lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Birmingham, ó sì kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní London. Ní ọdún 1954, ó padà sí Abẹ́òkúta láti wá darí ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ ní Aro.

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Láti ọdún 1907 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ní ilé tí wọ́n ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí ní Yábàá. Ká sòótọ́, àtìmọ́lé ló jọ ju ilé ìwòsàn lọ. Lọ́dọ̀ àwọn babaláwo àti oníṣègùn kan ẹ̀wẹ̀, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi ń de èèyàn mọ́lẹ̀.

Lambo dé Aro, ilé kò tíì parí. Ẹlòmíì á jókòó dúró de kọngílá. Òun ní tirẹ̀ lọ bá àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé bí ayálégbé. Abúlé mẹ́rin ni ètò náà gbà wọlé. Òfin kan ṣoṣo ló le níbẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìbátan mìíràn ní láti bá a wá, kó máa dáná fún un, kó sì máa mú un lọ rí dókítà. Láàárọ̀, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á padà sábúlé. Wọ́n ń roko, wọ́n ń lọ síbi ìkómọ, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń jó níbi ọdún. Ilé ìwòsàn náà yá àwọn onílé lówó kí wọ́n fi kọ́ yàrá kún ilé wọn, omi tó mọ́ dé abúlé, wọ́n sì gbógun ti ẹ̀fọn. Kì í ṣe àánú lásán, àwọn ará abúlé náà jèrè.

Ẹ má rò pé ó kẹ̀yìn sí oògùn òyìnbó o. Ó lo oògùn, ó lo abẹ́rẹ́, ó lo iná mànàmáná tí wọ́n fi ń tọ́jú ọpọlọ. Ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń ba aláìsàn Yorùbá lẹ́rù ju bí ìwé London ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ayé gbọ́. Ní ọdún 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti káàkiri Áfíríkà ṣèpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Lambo àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell wọ àwọn abúlé agbègbè náà, wọ́n sì tẹ ìwé ìwádìí wọn jáde ní 1963. Ohun tí wọ́n rí ni pé níbi tí àjọṣe àwọn ará abúlé ti dàrú, ìdààmú ọpọlọ pọ̀ ju níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1971, ó sì ṣe igbákejì ọ̀gá pátápátá níbẹ̀ títí di 1988. Ọdún 2004 ló kú.

Ní 1998, Martin Seligman, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé àìsàn nìkan ni wọ́n ń wò, kí wọ́n wo ohun tó ń mú kí ayé èèyàn dùn náà. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogójì ọdún tí Lambo ti ń wo ohun tó ṣì dá ṣáṣá lára aláìsàn: ọwọ́ tó lè roko, ẹsẹ̀ tó lè jó, ìyá tó ṣì ń pè é lọ́mọ. Ṣèbí àwa Yorùbá, bí a bá pàdé, àlàáfíà la kọ́kọ́ ń béèrè?

Mo kàwé òfin, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Òfin 1958 tó ń pe irú àwọn èèyàn wọ̀nyí ní wèrè ló wà nílẹ̀ títí ìjọba fi buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Bí iṣẹ́ Lambo ṣe lókìkí tó, òfin ilẹ̀ wa kò tètè gbọ́.

Ètò Aro náà ní ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Ìbátan tó bá fi oko tàbí ọjà sílẹ̀ tẹ̀ lé aláìsàn, ta ni yóò bọ́ àwọn tó kù sílé? Ẹni tí ẹbí ti kọ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè yẹn ló ń dà mí láàmú jù ní Èkó. Ọ̀pọ̀ wa ń dá gbé yàrá kan láti Ìbà títí dé Lẹ́kí. A ní ẹgbẹ̀rún èèyàn lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá dé, gáàsì tó tán là ń tètè sọ fún aládùúgbò, a kì í sọ ti ọkàn. Ká ní Lambo dúró lẹ́nu ọ̀nà Aro lónìí tó ní kí o má dá wọlé, ta lo máa pè?

Ènìyàn laṣọ, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta àgbò ní Alábà Rago kò ka ìwé Lambo. Korobá omi kan àti orúkọ tí wọ́n rántí ni wọ́n ní. Bí o bá ti ka èyí tán, jọ̀ọ́, pe ẹnì kan tí o ò tíì gbúròó rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Pè é.